Ó Le Gan-an Ni àbí Ó Le Jù? Bí A Ṣe Ń Sọ Bí Nǹkan Ṣe Le Tó Lédè Òyìnbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa létí, ẹ fara da ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa. Ìjẹ̀gùn la wà, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lójú fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi gbogbo ètò tòní dáhùn. Olùgbọ́ wa kan ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó sílé ṣe, irú èyí tí èèyàn fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n bi í pé báwo ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ṣe rí. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kì í sá fún iṣẹ́ ńlá, ló bá dáhùn pé, 'The job was too difficult.' Ẹni tó ń bi í léèrè ní, 'Oh, so that is why you left?' Ọ̀rọ̀ bá di rúdurùdu. Bẹ́ẹ̀ ọdún méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ ọ̀hún! Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo sọ tó burú níbẹ̀?'

Kò sí ibi tí gírámà ti ṣẹ̀ nínú gbólóhùn yẹn o. 'Too' ló gbé e lọ síbi tí kò ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni 'le', 'nira' àti 'ṣòro', a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tó ń sọ bó ṣe tó sẹ́yìn wọn: ó le díẹ̀, ó le gan-an, ó le koko, ó le jù. Òyìnbó ń fi tiẹ̀ síwájú: 'slightly difficult', 'very difficult', 'too difficult'. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni wọ́n ń pè é níléèwé. Ìyẹn ò ṣòroó mọ̀. Wàhálà ibẹ̀ wà nínú 'jù' tiwa, torí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Bí mo bá jẹ àmàlà tó wọ̀ mí lára, mo lè pariwo pé 'Ó dùn jù!', kò sì sẹ́ni tó máa rò pé mo fẹ́ kí wọ́n dín adùn rẹ̀ kù. Ìyìn ni. Àmọ́ bí mo bá ní iyọ̀ ọbẹ̀ náà pọ̀ jù, ẹ̀sùn ti dé nìyẹn. Àwa ń fetí mọ ìyàtọ̀. 'Too' kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ṣáájú 'difficult', ohun tí olóyìnbó ń gbọ́ ni pé nǹkan náà ti kọjá ààlà, ilẹ̀kùn ti tì. 'It was too difficult to finish' túmọ̀ sí pé n kò parí rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn rèé: kó o tó la ẹnu, fi 'ó ju agbára mi lọ' wọ̀n ọ́n wò nínú ọkàn rẹ. Bó bá jẹ́ pé ohun tó o fẹ́ sọ nìyẹn, lo 'too'. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 'very' tàbí 'extremely' ni. Ohun tí arákùnrin wa ì bá sọ ni, 'It was extremely demanding, and I did it for two years.' Láàárín ara wa níbí, 'too' tiwa kò pa ẹnikẹ́ni lára, gbogbo wa ló yé. Ẹni tí kò dàgbà síbi tí Yorùbá wà ni kò ní mọ ohun tó o ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀nà wa ṣe àpẹẹrẹ. Láti Ìjẹ̀gùn lọ sí Ìkòtún, ká wá ọkọ̀ míì lọ sí Ìkẹjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 'not difficult at all'. Ní Sátidé, 'slightly difficult' tàbí 'a bit difficult'. Bí èrò bá ti ń pọ̀ ní ibùdókọ̀, a bọ́ sí 'fairly difficult', lẹ́yìn ìyẹn 'pretty difficult'. 'Pretty' yìí ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹwà o, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, 'very difficult'. Àárọ̀ Mọ́ńdè tí òjò tún rọ̀ mọ́ ọn? 'Extremely difficult'. Bí omi bá wá gba ojú ọ̀nà, 'almost impossible' tàbí 'virtually impossible'. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò sọ 'very impossible'. 'Impossible' dà bí ikú, kò ní ìwọ̀n. Èèyàn kì í kú díẹ̀, kì í sì í kú gan-an. A lè fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ohun tí 'almost' àti 'virtually' ń sọ nìyẹn.

'Quite' nìkan ni kò dúró sójú kan. Bí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní nǹkan 'quite difficult', ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó le dé àyè kan. Bí ará Amẹ́ríkà bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé ó le gan-an ló ń wí. Èmi kì í fi 'quite' sínú ìwé tó bá ṣe pàtàkì.

Ó tún ku 'hard' àti 'hardly'. A ti kọ́ wa pé bí a bá fi '-ly' kún ọ̀rọ̀, ó di àpọ́nlé: 'quick', 'quickly'. Ẹlòmíì á wá fi '-ly' kún 'hard', á kọ ọ́ sínú CV rẹ̀ pé 'I hardly work'. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀lẹ lòun nìyẹn, nítorí ohun tó túmọ̀ sí ni pé agbára káká ni mo fi ń ṣiṣẹ́ kankan. 'I work hard' ló yẹ. Fóònù yín ò sì ní fi ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, torí pé lójú tirẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n ṣì kọ.

'Hardly' fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà. Nínú Bíbélì King James tó jáde lọ́dún 1611, ní Mátíù orí 19 ẹsẹ 23, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò nípa ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ wọ ìjọba ọ̀run. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni 'pẹ̀lú ìṣòro', 'ṣòro' náà ló sì wà nínú Bíbélì Yorùbá. Bí a bá fi òyìnbó òde òní kà á, a ó rò pé bóyá ni ọlọ́rọ̀ kan máa débẹ̀. Lónìí, bí o bá fẹ́ sọ pé o jìyà kó o tó rí ọkọ̀, àmọ́ o rí i, 'I got a bus with great difficulty' tàbí 'I barely managed to get a bus' ló dáa jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ilé ìwòsàn. Ká ní o gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndó, mímí ń nira fún wọn, dókítà tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ò gbọ́ Yorùbá. Bó o bá ní 'Breathing is a bit difficult for her' torí pé o ò fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní aláriwo, wọ́n lè rò pé ó ṣì lè dúró. 'She can hardly breathe' ni kó o sọ. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìwà pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra IELTS, ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ, ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n sì ń gba máàkì fún ni bí èèyàn ṣe mọ ọ̀rọ̀ lò tó. 'Very, very difficult' lẹ́ẹ̀mẹfà ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ kó àwọn àpọ́nlé tó ń ṣèdájọ́ mọ́ra. 'Surprisingly difficult': n kò rò pé ó máa le tó yẹn. 'Notoriously difficult': gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó le. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 'unnecessarily difficult': ó le, bẹ́ẹ̀ kò sídìí tó fi yẹ kó le. Ẹ fi sínú lẹ́tà ẹ̀sùn nígbà tí áàpù kan bá ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò ojú yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin kẹ́ ẹ tó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́.

Ó ku ẹyọ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ná ọjà ní Ìkòtún, tí ìyá ọlọ́jà rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní 'Ọkọ mi, ìyẹn máa nira díẹ̀', ṣé ẹ máa rò pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbà? Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀. Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá yín bá ní 'That might be a bit difficult' lórí ìsinmi tẹ́ ẹ bèèrè fún, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.