Àwo Àtijọ́ Tí A Tún Tẹ̀: Etí Ta Ni Yóò Ṣe Ìdájọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi í wé ohun. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a wà ní Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, nílé bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ń kó àwo orin jọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwo àpàlà kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ̀. Àpò rẹ̀ ń dán, ó wúwo lọ́wọ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bàbá gbé e sórí ẹ̀rọ, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn olórin nìyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó kó ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ?”

Ó wá gbé ògbólógbòó àwo tirẹ̀, tí ó kún fún orin kan náà, sórí ẹ̀rọ. Àwo náà ń ta pàrà bí àgbàdo inú iná, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, gángan ń sọ̀rọ̀, a sì gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́jà àti oníbàárà nìkan. Orin àwọn bàbá wa ti di ohun tí ayé ń wá kiri. Ní 2020, ilé iṣẹ́ Soul Jazz ní Lọ́ńdọ̀nù kó orin àwọn ẹgbẹ́ àpàlà ti 1967 sí 1970 jọ, wọ́n sì tún un tẹ̀. Inú wa dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ téépù tí a kọ́kọ́ gba orin wọ̀nyí sí ni ó ti sọnù tàbí tí ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, àwo tí a tún tẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò máa pè ní ohùn bàbá wọn lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú ohùn ni, ta ni yóò mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe àwo, kí a lè mọ ibi tí àléébù ti ń wọlé. A ó kọ́kọ́ fín orin sí ojú àwo kan tí a fi ọ̀dà rírọ̀ bò. Lára rẹ̀ ni a ó ti fi níkẹ́ẹ̀lì mú òǹtẹ̀ jáde, òǹtẹ̀ méjì ni a ó sì fi tẹ ike gbígbóná, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bí òǹtẹ̀ bá ti gbó, tàbí tí ike kò kún inú ìlà dáadáa, ariwo yóò máa bá orin rìn. Bí a bá yára yọ àwo kí ó tó tutù, yóò ká bí ewé gbígbẹ.

Ihò àárín tún ńkọ́? Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, orin yóò máa gòkè, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yí po, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 1.8 lórí àwo tí ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan. Ní èdè tiwa, ìró ohùn ni ìtumọ̀: igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í sì í ṣe igba. Lóòótọ́, àṣìṣe náà lè má pọ̀ tó láti sọ ọ̀kan di èkejì, ṣùgbọ́n gángan tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ bí àgbà yóò máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí.

Èyí tí ó burú jù ni ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí téépù kò bá sí mọ́, inú àwo àtijọ́ ni a ti ń gba orin jáde, a ó sì fi kọ̀ǹpútà fọ ariwo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin híhó àwo tí ó gbó àti ìró ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, yóò gbá ìdọ̀tí dànù pẹ̀lú ọmọ orogún.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú àwo bẹ́ẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ìwúwo tàn án jẹ. Àwọn olùtajà a máa fi 180 gíráàmù yangàn, ṣùgbọ́n ìwúwo ike kò lè tún orin tí a gbà láìdára ṣe. Kí ó kà ẹ̀yìn àpò: ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti rí orin náà, téépù ni tàbí àwo? Kí ó gbé àwo sórí ibi títẹ́jú, kí ó wò ó bóyá ó ká. Kí ó gbọ́ orin tí ó wà nítòsí bébà àárín, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ti ń tètè bàjẹ́, pàápàá níbi tí “s” àti “ṣ” bá pọ̀. Lákòótán, kí ó gbé e ti àwo àtijọ́, bí ó bá rí èyí tí ó ṣì dára.

Àwọn kan yóò wí pé, bí kò bá sí àwọn ará òkè òkun wọ̀nyí, orin náà ì bá ti parun. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹni tí ó kọrin fún ẹgbẹ́ Orókì ti Òṣogbo ní 1971. Òun àti I. K. Dáíró wà lára àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ Star sílẹ̀ ní 1969, kí àwọn olórin lè ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Ní 1979, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò fẹ́ kí etí ẹlòmíràn nìkan máa ṣe ìdájọ́ ohùn òun.

Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Kí àwọn tí ń tún àwo wa tẹ̀ pe ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá àti èdè ìlù láti gbọ́ iṣẹ́ náà kí a tó fín in. Kí wọ́n wá ìdílé olórin kàn, kí wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ní ti ẹ̀yin tí àwo ṣì wà nínú àjà yín, ẹ má ṣe tà á ní ọ̀pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ẹ gbé e dúró lóòró níbi tí oòrùn kò dé. Ògbólógbòó àwo yín lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó kù.

Bàbá Olúpọ̀nnà kò ju àwo tuntun náà nù. Ó ní àwòrán olórin dára lára àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ gbọ́ orin, ti àtijọ́ ni ó tún gbé sórí ẹ̀rọ.