Ìrántí Ológun Kì Í Ṣe Àlọ́

Lọ́dọọdún ní 15 January ni ìjọba ń gbé òdòdó sílẹ̀ fún akọni ológun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ẹnu bárékè Ìkẹjà lọ síbi iṣẹ́ kì í sábà gbọ́ tẹnu ológun fúnra rẹ̀. Isaac Fadoyebo, ológun ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé, kọ tirẹ̀ sílẹ̀: ìbọn Jàpáànù fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Bọ́mà ní 1944 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì ń gbé oúnjẹ wá fún òun àti David Kagbo, ará Sàró, níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Ó tiro délé. Àwọn kan á ní ìrántí àgbàlagbà kò ṣeé gbára lé. Ọjọ́ lè rú u lójú lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà Fadoyebo dé Bọ́mà, ìdílé Shuyiman ṣì rántí rẹ̀. Ẹ bi àwọn bàbá ológun àdúgbò yín kí wọ́n tó lọ.