Pílánù Wo Lẹ Ní?

Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí mi tí wọ́n ń gbé ní Agége fọ́ ògiri yàrá méjì tó kọjú sí títì, wọ́n sì sọ yàrá náà di ṣọ́ọ̀bù. Ayálégbé méjì ti san owó ọdún kan kí ọ̀dà tó gbẹ. Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe dé tí wọ́n máàkì ilé: ọ̀dà pupa gàdàgbà lára ògiri, pé kí iṣẹ́ dúró. Inú bí Àǹtí. "Ṣé wọn ò mọ̀ pé mo ní pílánù ni?"

Wọ́n ní in lóòótọ́. Èmi ni mo bá wọn tú fáìlì wò. Ìwé sọ̀féyọ̀ la bá níbẹ̀, èyí tó fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ hàn. Kò sí òmíràn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ àyálò ló kó Àǹtí sí wàhálà. (Ẹ má bínú, ọmọ ẹ̀ka ẹ̀dá-èdè kì í sinmi, pàápàá ní ọdún àṣekágbá.) Nínú Yorùbá tí à ń sọ l'Ékòó, ìwé sọ̀féyọ̀, pílánù ni, àwòrán tí akítẹ́ẹ̀tì yà, pílánù ni, ìwé àṣẹ tí ìjọba lù ní òǹtẹ̀, pílánù náà ni. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ilẹ̀ yín parí sí. Èkejì ń sọ bí ilé yóò ṣe rí. Ẹ̀kẹta nìkan ló ní kí ẹ ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ LASPPPA la sì ti ń gbà á ní Ìpínlẹ̀ Èkó. A ó kó ìwé ilẹ̀, ìwé sọ̀féyọ̀, àwòrán ilé àti ẹ̀rí owó orí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò fi àwòrán ẹnjiníà kún un. Tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, LASBCA ló ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Àǹtí ní, "Mi ò kúkú kọ́lé. Yàrá mi ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Òfin àpapọ̀ lórí ètò ìlú, ti 1992, lo ọ̀rọ̀ kan, "development". Nínú kíláàsì, ìdàgbàsókè la ó túmọ̀ rẹ̀ sí, a ó sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n nínú òfin yẹn, ilé kíkọ́ wà nínú rẹ̀, ilé wíwó wà níbẹ̀, gígé igi lulẹ̀ wà níbẹ̀, kódà pátákó ìpolówó wà níbẹ̀. Ta ló máa pe ilé wíwó ní ìdàgbàsókè? Yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tó máa kan àyíká náà wà níbẹ̀. L'Ékòó, ilé gbígbé tó bá fẹ́ di ṣọ́ọ̀bù tàbí iléèwé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ọkọ̀ oníbàárà máa wá páàkì, pàǹtí máa pọ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa dún sí aládùúgbò létí.

Ní báyìí, Àǹtí ń wá àṣẹ lẹ́yìn tí ògiri ti wó, owó ìtanràn sì wà lórí irú èyí. Akítẹ́ẹ̀tì ti wá wọn ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, onídìrí, ti ní kí wọ́n dá owó òun padà. Owó náà ni wọ́n fi ra ilẹ̀kùn onírin tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù.