Ṣé o mọ̀? Ọ̀mì ni ayò tí kò ní àṣìṣe

Láti Parakou dé Ìbàdàn, ẹni tó ń ta ayò mọ̀ pé ọmọ 48 ló wà nínú ọpọ́n oníhò 12. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá jẹ 24, ọ̀mì ni.

● Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amsterdam, yanjú awari, ẹ̀yà ayò kan. Bí ọ̀ta méjì bá ta á láìṣì ta, ọ̀mì ló máa já sí.

● Ìparí eré ni kọ̀ǹpútà wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣírò padà sẹ́yìn. Ipò 889,063,398,406 ló yẹ̀ wò láàárín wákàtí 51.

● Chess ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì sí ẹni tó yanjú rẹ̀ tán, àfi ibi tí ọmọ tó kù lójú ọpọ́n kò bá ju méje lọ.

● Òdo ni kọ̀ǹpútà chess máa ń fún ọ̀mì. Bí ipò rẹ̀ bá dára ju òdo lọ, á sá fún ọ̀mì. Bó bá ń pàdánù, á máa wá a kiri, bíi kó tún ipò kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀mì kì í ṣe ìtìjú: ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀ta pàdé ọ̀ta.