Láti Orí Òkè Òjò Dídì Dé Etí Gọ́tà Mamobi: Kíkọ́ Èdè Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́ ní Kíláàsì Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ ṣáájú pé òjò ń bọ̀ lè wá ibi sá sí. Ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wà fún nìyí. Iṣẹ́ náà ní ọ̀nà méjì: ìṣirò àti èdè. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n ni ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí èdè tí wọ́n fi gbé e jáde kò bá yé àwùjọ, ìṣirò náà kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Adúgbò Mamobi ní ìlú Accra ni àpẹẹrẹ pàtàkì tí a mú lò.

Ìròyìn Orí Òkè

Ó dára kí àlàyé bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìròyìn ojú ọjọ́ ti gbọ́dọ̀ péye jù lọ, èyí ni orí òkè tí òjò dídì ń bò. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Ghana bí ènìyàn ṣe lè rò. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2010, Kwame Nkrumah-Acheampong díje fún Ghana ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Vancouver, ní Kánádà. Òun ni ọmọ Ghana àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Eré síkì ni ó ṣe, èyí tí eléré ń de pákó gbọọrọ méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí ó sì ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ìdíje kan náà, ooru mú débi pé òjò dídì kò tó ní Cypress Mountain, ọ̀kan lára àwọn òkè tí wọ́n ti díje. Ọkọ̀ akẹ́rù àti hẹlikópítà ni wọ́n fi kó o wá láti ibòmíràn.

Ìròyìn tí àwọn eléré síkì ń gbọ́ láràárọ̀ ní apá méjì. Apá kìíní ń sọ ohun tí ń bọ̀ láti òkè: bí òjò dídì yóò ṣe pọ̀ tó, bí ìjì yóò ṣe le tó, àti bí òtútù yóò ṣe mú tó. Apá kejì ń sọ ohun tí ó ti wà nílẹ̀: bí èyí tí ó ti bọ́ tẹ́lẹ̀ ṣe jìn tó, bóyá ó rọ̀ tàbí ó ti le gbagidi, àti ọ̀nà tí wọ́n ti tì. Bí òjò dídì tuntun bá bọ́ lé orí èyí tí kò dì mọ́ra dáadáa, gbogbo rẹ̀ lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ apá kìíní nìkan kò tíì gbọ́ ìròyìn.

Olùkọ́ ní láti ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo yìnyín fún èyí tí ń bá òjò bọ́, fún èyí tí ó wà nínú fíríìjì, àti fún èyí tí ń bọ́ ní London nígbà òtútù. Bíbélì Yorùbá ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́: òjò dídì ni ó pe èyí tí ń fò wálẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, yìnyín sì ni ó pe èyí tí ń bọ́ bí òkúta. Ìyàtọ̀ náà bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Inú ìkùukùu tí ó tutù ni òjò dídì ti ń dì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú ìkùukùu àrá, níbi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń gbé omi dídì sókè léraléra, ni yìnyín ti ń di kókó.

Ọ̀ràn Mamobi

Mamobi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nima ní Accra. Ọ̀kan lára àwọn adúgbò tí wọ́n ń pè ní Zongo ni. Èdè Hausa ni ó so ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá wà láàrin wọn. Ní oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó lọ. Àwọn kan ṣẹ́kù, àwọn kan sì padà wá lẹ́yìn náà.

Òjò Accra kò pọ̀. Nǹkan bí 800 mìlímítà ni ó ń rọ̀ lọ́dún, èyí tí ó kéré gan-an sí ti Èkó. Ìgbà òjò méjì ni ó wà, oṣù Òkúdu sì ni òjò ń pọ̀ jù. Ewu ibẹ̀ ni pé òjò náà lè dà lápapọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjì tí ń gbé e wá máa ń rìn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, débi pé èyí tí ó kọ́kọ́ jà ní Cotonou tàbí Lomé lè dé Accra lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Omi tí ó bá bọ́ sórí páànù Nima àti Mamobi ń wọ gọ́tà ńlá tí ó la àdúgbò náà kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sí odò Odaw. Bí pàǹtírí bá ti dí gọ́tà, inú yàrá ni omi yóò gbà.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Òkúdu, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀ ní Accra, omi sì bo agbègbè Kwame Nkrumah Circle. Àwọn ènìyàn sá sí ilé epo kan, ilé epo náà sì gbaná. Ó ju 150 ènìyàn lọ tí ó kú nínú omi àti iná ọjọ́ náà.

Òfin ọdún 2004 ni ó dá Ghana Meteorological Agency sílẹ̀ láti máa ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ àti ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkìlọ̀ bá dé ilé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá àgbà inú ilé kò sì gbọ́ ju Yorùbá àti Hausa lọ, ọmọ ilé ìwé ni yóò di ògbufọ̀. Bí Yorùbá ọmọ náà kò bá tó gbé ìkìlọ̀, ìyá àgbà kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Bí ó ti rí ní Mamobi náà ni ó rí ní etí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, níbi tí omíyalé ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 1980.

Èdè Ohun Tí Kò Dájú

Ìṣòro mẹ́ta ni ó wà nínú èdè àsọtẹ́lẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn wòlíì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ mọ́ àsọtẹ́lẹ̀, bí ti wòlíì kò bá sì ṣẹ, wọn a ní irọ́ ni ó pa. Onímọ̀ ojú ọjọ́ kò ríran. Ohun tí ó wọ̀n ni ó fi ṣe ìṣirò. Olùkọ́ ní láti la ìyàtọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìṣe. "Òjò yóò rọ̀", "òjò lè rọ̀", "ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀" àti "ó jọ pé òjò yóò rọ̀" kò rí bákan náà. Èkíní dájú, àwọn yòókù fi àyè sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi àyè kan náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi yóò túmọ̀ ohun tí onímọ̀ fi lè sọ ti yí ìròyìn padà.

Ẹ̀kẹta ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ní ìdá 70, ẹlòmíràn a rò pé ìdá 70 nínú ìlú ni òjò yóò pa. Ọ̀nà tí ó yé ni kí a ka ọjọ́: nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú ọ̀run rí báyìí, òjò a máa rọ̀ ní méje. Bí òní bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù, ẹnikẹ́ni kò parọ́.

Nínú Kíláàsì

Iṣẹ́ ṣíṣe mẹ́ta lè gbé ẹ̀kọ́ yìí dúró. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ sí gbangba, kí ó sì fi rúlà wọn omi òjò. Mìlímítà 1 lórí mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà omi 1. Nítorí náà, bí òjò 50 mìlímítà bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, lítà 5,000 ni yóò ṣàn wọ gọ́tà láti ilé kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí, kí kíláàsì máa kọ àsọtẹ́lẹ̀ orí rédíò sílẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tún bi àwọn àgbà ilé ní ọ̀rọ̀ òjò: òjò ṣú, òjò ń kù, òjò ń ṣẹ́ winniwinni, òjò rọ̀, òjò dá.

Ní ìparí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìkìlọ̀ tí ó ní apá méjì, bí ti orí òkè òjò dídì. Àpẹẹrẹ kan nìyí: "Ó ṣeé ṣe kí òjò líle àti ìjì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ó rí báyìí, òjò a máa rọ̀ ní méje. Gọ́tà ńlá ti dí. Ẹ má ṣe gba inú omi tí ń ṣàn kọjá. Ẹ kó àwọn ọmọdé lọ sí ibi gíga." Kí ó kà á sókè fún àgbàlagbà kan nílé, kí ó sì béèrè ohun tí ẹni náà yóò ṣe. Ìdáhùn náà ni máàkì rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà tún wí pé àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé kò lè kọ̀ fún ohun tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Bí èdè Yorùbá kò bá wúlò ní kíláàsì ju oríkì àti àlọ́ lọ, yóò pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ tí omi bá ń bọ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ láti sọ ohun tí ó dájú, ohun tí ó ṣeé ṣe àti ohun tí ó ti wà nílẹ̀, ní Yorùbá tí ó já gaara, ti fi ògbufọ̀ kan sínú ilé kan kí òjò tó ṣú.