Ọ̀nà Rélùwéè Tó Di Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Mọ́tò á fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Tírélà á kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á sì fẹ́ gbé e ṣubú. Bí ó bá yà sí ọ̀tún, kòtò ni. Bí ó bá yà sí òsì, ewu ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí ń kú lójú pópó ní gbogbo ayé tó nǹkan bíi 1,190,000 lọ́dọọdún. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́, àti ẹni tí ń gun alùpùpù.

Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè fi kẹ̀kẹ́ rìn láti ìlú dé ìlú, tí kò ní bá mọ́tò du ọ̀nà? Ó wà. A fẹ́ sọ fún yín nípa ọ̀kan tó wà ní ilẹ̀ Sípéènì. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ṣe é, àti ìdí tó fi dára fún kẹ̀kẹ́.

ODÒ OJA ÀTI RÉLÙWÉÈ RẸ̀

Ní apá àríwá ilẹ̀ Sípéènì, ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ La Rioja. Wáìnì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Odò kan ń ṣàn wá síbẹ̀ láti orí òkè. Oja ni wọ́n ń kọ orúkọ odò náà. Kì í ṣe ọjà tí à ń ná o! Óha ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1916, rélùwéè kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní àfonífojì odò yìí. Ó ń lọ láti ìlú Haro, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, títí dé ìlú Ezcaray lẹ́sẹ̀ òkè. Ó ń kó èrò, ó sì ń kó ẹrù. Nígbà tó yá, mọ́tò àti lọ́rì pọ̀ lójú títì. Ní ọdún 1964, wọ́n ti rélùwéè náà pa.

Ohun tó ṣe rélùwéè yìí ṣe ọ̀pọ̀ mìíràn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1993, ọ̀nà rélùwéè tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ ní Sípéènì ti ju 7,000 kìlómítà lọ. Ní ọdún náà ni wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Vías Verdes. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Àwọn Ọ̀nà Aláwọ̀ Ewé. Iṣẹ́ ètò náà ni láti sọ ọ̀nà rélùwéè tó ti kú di ọ̀nà àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́, àti àwọn aláìlera tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Lónìí, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti ju 3,000 kìlómítà lọ ní Sípéènì.

Kí ló dé tí irú ilẹ̀ yìí fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ rélùwéè dà bí okùn. Bí okùn bá gùn, ó wúlò. Bí a bá gé e sí wẹ́wẹ́, kí ni a tún fẹ́ fi dè? Bí ẹnì kan bá kọ́lé sí àárín ọ̀nà rélùwéè, tí ẹlòmíràn fi ọgbà dí i níwájú, okùn ti já nìyẹn. Ó ṣòro kí a tó tún rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rà láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà, ó yẹ kí á tètè dáàbò bò ó.

ÌDÍ TÓ FI DÁRA FÚN KẸ̀KẸ́

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ẹ ó ti rí i pé kì í gun òkè gàgàrà. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin náà ló sì ń tẹ̀. Bí òkè bá le jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè fi máa ń gé òkè, tí wọ́n máa ń kún kòtò, tí wọ́n sì máa ń ṣe afárá. Ọ̀nà tó rọrùn fún ọkọ̀ ojú irin, ó rọrùn fún kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí à ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Casalarreina, nítòsí Haro. Ó lé ní kìlómítà 25 kí ó tó dé Ezcaray. Ní gbogbo ìrìn yẹn, nǹkan bíi 300 mítà péré ni a ó fi gòkè. Ìyẹn ni pé bí a bá rin 100 mítà, díẹ̀ ni a ó fi gùn ju mítà 1 lọ. Àgbàlagbà lè gùn ún. Ọmọdé lè gùn ún.

Irú ọ̀nà yìí kì í sábà ní ọ̀dà. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ irin àti àwọn igi abẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á sì fi róólà tẹ̀ ẹ́ kí ó le. Wọ́n á jẹ́ kí àárín ọ̀nà ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, kò ní dúró sí àárín. Bí omi bá dúró lójú ọ̀nà, kò ní pẹ́ tí kòtò á fi dé.

Ẹ JẸ́ KÍ Á GÒKÈ LỌ

Ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín, kí á jọ máa lọ. Nísàlẹ̀ àfonífojì, nítòsí Casalarreina, ọgbà àjàrà ni à ń rí. Igi àjàrà ibẹ̀ kò ga. Wọ́n máa ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, kí agbára rẹ̀ lè wọ inú èso. Irú àjàrà tí wọ́n gbìn jù ní La Rioja ni Tempranillo. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ní kùtùkùtù" ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, nítorí pé ó máa ń tètè pọ́n. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ká àjàrà.

Bí a ṣe ń gòkè, òtútù ń pọ̀ sí i. Àjàrà kò fẹ́ òtútù jù, nítorí náà ó ń dín kù. Oko ọkà àti oko ànàmọ́ òyìnbó ló gba ipò rẹ̀.

Nígbà náà ni a dé ìlú Santo Domingo de la Calzada. Orúkọ ọkùnrin kan ni wọ́n fi pe ìlú yìí. Ọkùnrin náà kú ní ọdún 1109. Ní ayé rẹ̀, ó rí i pé ìyà ń jẹ àwọn arìnrìn-àjò tí ń fẹsẹ̀ lọ jọ́sìn ní ìlú Santiago. Ó la ọ̀nà fún wọn. Ó ṣe afárá sórí odò Oja. Ó kọ́ ilé tí wọ́n lè sùn sí. "Calzada" túmọ̀ sí ọ̀nà tí a fi òkúta tẹ́.

Wọ́n tún ń sọ ìtàn kan ní ìlú yìí. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń rin ìrìn-àjò náà pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn pé ó jalè, wọ́n sì so ó rọ̀. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ padà dé ìdí igi náà, ààyè ni wọ́n bá a. Wọ́n sáré lọ sọ fún adájọ́. Oúnjẹ ni adájọ́ ń jẹ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ wọn yè gẹ́gẹ́ bí adìẹ sísun tó wà níwájú òun ti yè. Kíá, adìẹ dìde lórí àwo, àkùkọ sì kọ! Nítorí ìtàn yìí, títí di òní, àkùkọ kan àti àgbébọ̀ kan ń gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà láàyè.

A tún tẹ̀ síwájú. A kọjá Ojacastro. Òkè ti ń sún mọ́ wa lọ́tùn-ún lósì. Igbó ti bò wọ́n: igi óákù, igi bíìṣì, igi páìnì. Afẹ́fẹ́ tutù. Láìpẹ́ a dé Ezcaray, lẹ́sẹ̀ òkè Sierra de la Demanda. Orí òkè náà ga ju 2,200 mítà lọ, yìnyín sì máa ń bò ó nígbà òtútù.

BÍ A ṢE Ń GUN KẸ̀KẸ́ LÓRÍ ÒKÚTA WẸ́WẸ́

1. Ẹ lo táyà tó fẹ̀ díẹ̀. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á máa rì sínú òkúta.

2. Ẹ má fa afẹ́fẹ́ sí i jù. Bí ó bá le jù, kẹ̀kẹ́ á máa fò, á sì máa yọ̀. Bí ó bá rọ̀ jù, òkúta á fún tíúbù mọ́ irin, á sì bẹ́.

3. Ẹ má ṣàdéédé tẹ bíréèkì iwájú nìkan. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

4. Ẹ lu aago bí ẹ bá fẹ́ kọjá lára ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Òun ló ni ọ̀nà jù.

5. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá ti pàdé títì mọ́tò, ẹ dúró. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, kí ẹ tó kọjá.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Rélùwéè odò Oja kú, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò kú. Àwọn ará ibẹ̀ kò sọ pé nítorí ọkọ̀ kò gbà á mọ́, kí igbó gbà á. Wọ́n rántí ẹni tí kò ní mọ́tò. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn náà ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Bí a bá ń ṣe ètò ìlú wa, ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé wọn. Ọ̀nà tó jẹ́ ti mọ́tò nìkan kì í ṣe ọ̀nà gbogbo ènìyàn.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Ọdún wo ni wọ́n ti rélùwéè odò Oja pa?

2. Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin kì í fi gun òkè tó le?

3. Kí ni ìdí tí àárín ọ̀nà fi ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ?

4. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà ní àdúgbò yín tí ọmọdé lè fi kẹ̀kẹ́ rìn láìsí ewu? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ibi tí ẹ rò pé a lè ṣe é sí.