‘Ọmọ mi, má yáwó gbéyàwó nítorí mi’

Tó bá di Sátidé ní Kabba, kánópì á ti dí títì pa. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó á ti dé láti Abuja, Lọ́kọ́ja àti Ọbajana, aṣọ ẹbí á máa tàn yòò. Tó bá di Mọ́ńdè, ọkọ ìyàwó á padà síbi iṣẹ́. Gbèsè náà á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ Okun ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn lọ́jà, tí wọn ò jẹ́ sọ ọ́ lójú ọmọ. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní àwọn ò fẹ́ kọ́mọ gbéyàwó. Ká ní ọ̀kan nínú wọn mú bírò, tó kọ̀wé sọ́mọ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, báyìí ni lẹ́tà ọ̀hún ì bá ṣe lọ:

“Okun o, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé ẹ ti mú ọjọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní o fẹ́ẹ́ yáwó, o sì ní torí kójú má ti èmi ni. Ta ló rán ẹ? Ojú ò ní tì mí tí ìrẹsì ò bá kárí. Ohun tó máa tì mí lójú ni káwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù máa pe ìyàwó ẹ pé ọkọ ẹ̀ jẹ gbèsè.

“Kó o tó lọ sílé àna, jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ. Sọ iye tó ò ń gbà fún un. Sọ iye tó ò ń fi ránṣẹ́ sí mi, má fi pamọ́. Sọ pé ìwọ lò ń sanwó iléèwé àbúrò ẹ. Ọkùnrin tó bá ń fún ìyá ẹ̀ lówó níkọ̀kọ̀, ìyá náà ló ń sọ dọ̀tá ìyàwó. Tẹ́ ẹ bá ní láti dín tèmi kù, ẹ dín in kù, ṣùgbọ́n kẹ́yin méjèèjì jọ wá sọ fún mi. Iṣu mi ṣì wà lóko.”

Ìṣirò gidi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà, tó di 70,000. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, Gómìnà Usman Ododo fọwọ́ sí 72,500 fáwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Kogi. Ká ní ẹni tó ń gba 72,500 yá 500,000 láìsí èlé, tó ń san 25,000 lóṣù. Ogún oṣù ni yóò fi san án, 47,500 ni wọn yóò sì máa fi jẹun, sanwó ilé, wọkọ̀. Kó tó san án tán, àkọ́bí á ti fẹ́ẹ́ máa rìn.

Kì í ṣe pé ìgbéyàwó jẹ́ ọ̀fẹ́ láyé àtijọ́ o. Ní Bùnú, tí wọ́n jọ wà níjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Kabba, ọkọ ìyàwó máa ń ṣiṣẹ́ lóko àna ẹ̀. Aṣọ táwọn obìnrin fọwọ́ ara wọn hun náà sì wà lára ohun ìgbéyàwó. Odidi ìwé ni Ọmọwé Elisha Renne, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí aṣọ Bùnú lọ́dún 1995. Iṣẹ́ oko ọ̀hún le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ọkùnrin bá bẹ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní àáró, iṣẹ́ náà ló máa fi san án padà, kò sì ní èlé. Ìgbà tó di owó lásán lèèyàn tó lè fi agbára ọ̀la gbéyàwó òní.

Ibi tí lẹ́tà náà ì bá parí sí rèé: “Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí ló dé tí ìnáwó ẹ ò fi pọ̀, sọ pé ìyá ẹ ló ní o ò gbọdọ̀ ṣe é. Èmi ni kí wọ́n bú. Mo ti dàgbà kọjá èébú.”

Ìyá mélòó ló lè kọ ọ́?